Ẹnu Ọ̀nà Tí A Kò Kà sí Ẹnu Ọ̀nà

Kò sí ilé tí ènìyàn ń gbé tí kò ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sí baálé ilé kan tí kò mọ̀ pé òun ni ó ní àṣẹ láti sọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró sí ìta. Àwọn baba wa a máa fi ilẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà ilé, wọn a sì tún mọ odi yí ìlú ká. Àwọn oníbodè a máa bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó gbé lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá. Wọn kò ṣe èyí nítorí pé wọ́n kórìíra àlejò. Wọ́n ṣe é nítorí pé wọ́n mọ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ní ayé òde òní, ẹnu ọ̀nà mìíràn ti dé inú ilé wa tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò kà sí ẹnu ọ̀nà rárá. Àpótí kékeré kan ni, tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tí a gbé ka orí tábìlì tàbí tí a kàn mọ́ ògiri. Ráútà ni à ń pè é. Òun ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ilé, tí a sì ń pín in fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ará ilé. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí, àti ti àwọn apolówó ọjà tí wọ́n ń gba ibẹ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní ìjà kan pẹ̀lú ìpolówó ọjà. Bí ìran kan bá wà tí ó mọ ìpolówó, àwa Yorùbá ni. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìgboro Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta kò lè gbàgbé ohùn ìyá ẹlẹ́kọ ní ìdájí, tàbí ti ọmọ tí ń kiri mọ́ínmọ́ín ní ìrọ̀lẹ́. Ìpolówó wọn dùn létí, ó ń mú itọ́ yọ lẹ́nu, ó sì ń mú kí ọmọdé fo jáde láti inú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyèsí ìwà ìyá ẹlẹ́kọ. Ojú títì ni ó wà. Bí a kò bá pè é, yóò kọjá lọ. Kì í wọ inú yàrá tí ọmọ ti ń kàwé. Kì í béèrè iye tí ó wà nínú àpò wa, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ ohun tí a rà lánàá sínú ìwé kí ó lọ tà á fún alápatà. Ó mọ ààyè rẹ̀, àwa náà sì mọ ààyè tiwa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì náà mọ ààyè rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HotWired, gbé pátákó ìpolówó tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí ojú-ìwé rẹ̀; ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T wà lára àwọn tí ó sanwó fún un. Pátákó náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí à ń rí lẹ́bàá títì: ohun kan náà ni gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ń rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ènìyàn bá ṣí ojú-ìwé kan, kí ojú-ìwé náà tó hàn tán, a ti lè lu ààyè òfìfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbàǹjo láàárín àwọn apolówó, kí ẹni tí ó dá owó jù sì ti gbà á. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n ń dá owó lé kì í sì í ṣe ààyè náà nìkan. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ ni, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀: ìlú tí ó wà, ohun tí ó kà lánàá, ọjà tí ó yẹ̀ wò tí kò rà.

Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mọ́kànlá, ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kúkúrú ju bí mo ti rí i nínú ìwé lọ. Ìyá rẹ̀ ti fi kọ̀ǹpútà mi wá bàtà tí ọmọ náà yóò wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ jókòó ti kọ̀ǹpútà kan náà, ó ń kàwé nípa Odò Ọya. Bàtà náà gan-an sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán odò. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá mi, ta ni ó sọ fún wọn pé a ń wá bàtà?” Mo dá a lóhùn pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ kò wá lè ní kí ó dákẹ́ ni, sà?”

Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ a máa gbé mi dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì, nílẹ̀ Yorùbá àti lẹ́yìn rẹ̀, láti Ìlọrin dé Jos, láti Àkúrẹ́ dé Enugu. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì nígbà tí olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fi owó ara rẹ̀ ra dátà, ó ti yá ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sí ara ògiri, ó sì ń fi ọkàn ènìyàn han àwọn ọmọ bí ó ti ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì, àwòrán bọ́ọ̀lù kan yọ ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé náà, ó ń tàn yanranyanran, ó ń pe ènìyàn wá ta tẹ́tẹ́, kí ó fi owó kékeré kó owó ńlá. Ojú gbogbo àwọn ọmọ kúrò lára ọkàn ènìyàn, ó lọ sí ìdí bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin kan tí ó wà nítòsí mi dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí òun yóò fi owó lé. Èkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé ẹgbẹ́ náà ti jẹ owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nínú wọn.

Olùkọ́ náà fi sùúrù yí ojú-ìwé kúrò níbẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí kíláàsì tó padà sí ọwọ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí mo gbé dání ní ààyè fún iye àga, fún fèrèsé tí ó fọ́, àti fún ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ olùkọ́. Kò ní ààyè kankan fún àlejò tí ó wọlé láàárín ẹ̀kọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú kíláàsì, tí ó ń pín ìwé fún àwọn ọmọ, a ó lé e jáde, a ó sì pe ọlọ́pàá sí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí a kò kà sí ẹnu ọ̀nà ni ó gbà wọlé, a kàn ń wò ó ni.

Ohun tí ó tún ń dùn mí ni pé àwa fúnra wa ni a ń san owó ọkọ̀ àwọn àlejò wọ̀nyí. Àwòrán ìpolówó, pàápàá èyí tí ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀, kì í dé ojú fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà tí a fi owó oṣù rà ni ó ń gbé e wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi kún owó tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ tí ó bá mọ iye owó oṣù rẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn gba ojú ìpolówó wọ orí àwọn ojú-ìwé ńláńlá, títí kan ti New York Times àti ti BBC, wọ́n sì ń gbìyànjú láti fi kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà àwọn tí ń kàwé níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn oníwèé-ìròyìn náà ni ó ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ìpolówó ni àrùn náà ti wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní FBI fúnra wọn gba aráàlú níyànjú pé kí wọ́n máa lo ohun tí ń dí ìpolówó nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn gbájúẹ̀ ń ra ìpolówó láti fi jọ ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ gidi.

Kí ó tó lè yé wa bí a ṣe lè ti ilẹ̀kùn yìí, ó yẹ kí á mọ bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń mọ ilé ara wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n orúkọ ni ènìyàn fi ń rántí. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ náà ṣì kéré níye, ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà, bí ìwé ìpè kíláàsì, tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwádìí SRI ní California. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tuntun a fi tó wọn létí, wọn a sì kọ ọ́ kún un. Nígbà tí ó yá, kíláàsì náà kún jù. Ní 1983 ni Paul Mockapetris gbé ètò mìíràn kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní DNS títí di òní. Nínú ètò yìí, bí fóònù wa bá fẹ́ lọ sí ilé kan, yóò kọ́kọ́ bi ajúwe-ọ̀nà kan léèrè pé, “Níbo ni ilé lágbájá wà?” Ajúwe-ọ̀nà náà yóò wádìí, yóò sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò bá lọ.

Ojú-ìwé tí a bá ṣí kì í dá wá. Bí a bá ṣí ìwé ìròyìn, ojú-ìwé rẹ̀ yóò rán fóònù wa pé kí ó lọ mú àwòrán wá láti ilé kan, kí ó lọ mú ìpolówó wá láti ilé kejì, kí ó sì lọ sọ fún ilé kẹta pé a ti dé. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó lókìkí ni doubleclick.net, tí ó ti di ti Google láti 2008. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ilé wọ̀nyí ni fóònù yóò bi ajúwe-ọ̀nà léèrè. Ibí yìí ni ọgbọ́n náà wà. Bí ajúwe-ọ̀nà tí a yàn bá ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ilé ìpolówó lọ́wọ́, tí fóònù sì béèrè ọ̀kan nínú wọn, yóò dá a lóhùn pé kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yìí. Fóònù yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì padà. Ìpolówó náà kò ní wá, dátà tí ìbá gbé e kò sì ní lọ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà yóò hàn, ibi tí ìpolówó ìbá wà yóò sì ṣófo. Nítorí pé ọwọ́ ráútà ni gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ti sábà máa ń gba orúkọ ajúwe-ọ̀nà, bí a bá ti yí i padà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ti yí i padà fún gbogbo ilé.

Mo ṣe é ní ilé mi, kò sì gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó yí ráútà dojúdé, a ó wo bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà tí a fi ń wọ inú rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, bíi 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù. A ó kọ nọ́ńbà náà sí ibi tí a máa ń kọ orúkọ ojú-ìwé sí, lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó wà lórí Wáìfáì ilé náà. Bí a bá ti wọlé, a ó wá ibi tí a kọ DNS sí. Lára ráútà kan, abẹ́ Internet tàbí WAN ni ó wà, lára òmíràn, abẹ́ DHCP. Ààyè méjì ni a ó bá níbẹ̀. Èmi kọ 94.140.14.15 sí èkíní, mo sì kọ 94.140.15.16 sí èkejì. Àwọn nọ́ńbà yìí jẹ́ ti AdGuard DNS. A kì í sanwó fún wọn, wọ́n ń dí ìpolówó, wọ́n sì tún ń dí àwọn ojú-ìwé ìṣekúṣe tí kò yẹ ojú ọmọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dí ìpolówó nìkan lè lo 94.140.14.14 àti 94.140.15.15. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ajúwe-ọ̀nà mìíràn sí ààyè kejì, nítorí ẹ̀rọ lè bi èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì léèrè, ohun tí èkíní sì sẹ́ ni èkejì yóò júwe. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ ibi tí a fi ń pa á mọ́, a ó pa ráútà, a ó sì tún tàn án. Kí á tó jáde, ó yẹ kí á yí páswọ́ọ̀dù tí a bá lára ráútà padà, nítorí kò sí èrè nínú ilẹ̀kùn tí gbogbo àdúgbò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Àwọn kan yóò fẹ́ ní ajúwe-ọ̀nà tiwọn nínú ilé. Wọ́n lè lo Pi-hole, tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jacob Salmela, bẹ̀rẹ̀ ní 2014. A lè fi í sí orí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò tóbi ju káàdì báǹkì lọ. Ó dára púpọ̀, nítorí baálé ilé fúnra rẹ̀ ni yóò máa wo àkọsílẹ̀, tí yóò sì máa sọ ẹni tí a ó dí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ yìí, bí iná bá lọ mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré náà lára nígbà tí ráútà ṣì wà lórí bátìrì, gbogbo ilé yóò pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì títí iná yóò fi dé. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ti nọ́ńbà méjì.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ojú-ìwé ìròyìn tí à ń kà ní ilé ti mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń yára ṣí. Ìyá àwọn ọmọ nìkan ni ó fi ẹjọ́ sùn. Ó ń wá aṣọ lórí Google, ó tẹ ilé ìtajà tí ó wà lókè pátápátá, kò sì ṣí. Ó ní, “Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ̀yin ọmọ ni ẹ ní ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ apolówó fún, èmi náà ti wá di ọmọdé?” Mo fi hàn án pé ìpolówó ni èyí tí ó wà lókè yẹn, àti pé bí ó bá wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, yóò rí ilé ìtajà kan náà tí ẹnikẹ́ni kò sanwó láti gbé sókè. Ó rí i, ó sì wọlé, ó ra aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tọ́: ẹni tí yóò bá ti ilẹ̀kùn ilé gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn àgbà tí ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n sì jọ fi ohùn ṣọ̀kan.

Kò yẹ kí n fi ohun tí oògùn yìí kò lè wò pamọ́. Kò lè dí ìpolówó inú YouTube, nítorí pé ilé kan náà ni fídíò àti ìpolówó rẹ̀ ti ń bọ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, a ti ti mọ́ èkejì. Bákan náà ni ìpolówó tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa lórí Facebook. Àwọn áàpù kan àti àwọn ẹ̀rọ ìkàwé bíi Chrome àti Firefox lè ní ajúwe-ọ̀nà tiwọn, tí wọn kò ní bi ráútà léèrè. Àwọn ráútà kan wà tí ilé-iṣẹ́ tí ó tà wọ́n ti dí ibi DNS pa, tí ẹni tí ó rà á kò lè fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ bá sì jáde kúrò ní ilé, tí ó ń lo dátà inú fóònù rẹ̀, ọwọ́ ráútà kò tó o mọ́. Fún ti fóònù, ọ̀nà mìíràn wà: láti Android 9 tí ó jáde ní 2018, a lè lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, kí á wá Private DNS, kí á sì kọ dns.adguard-dns.com síbẹ̀, tàbí family.adguard-dns.com fún fóònù ọmọdé. Èyí ni yóò wúlò jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ tí kò ní ráútà nílé. Kí á sì rántí pé ajúwe-ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jẹ́, ni yóò máa gbọ́ orúkọ gbogbo ilé tí à ń lọ. A ti gbẹ́kẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wa tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé náà ni a gbé fún ẹlòmíràn. Kí olúkúlùkù ro èyí kí ó tó yàn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó dàgbà jù mí lọ, ó mi orí, ó ní, “Ọ̀gá Olùbẹ̀wò, bí gbogbo wa bá ti ilẹ̀kùn mọ́ apolówó, kí ni àwọn oníwèé-ìròyìn yóò máa jẹ? Ṣé a kì í ṣe ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ tán tí ó sá lọ?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òtítọ́ ni pé ìpolówó ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìròyìn tí à ń kà láìsanwó. Mo wí fún un pé, “Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ.” Mo wá sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní England ní 2009 fún un. Níbẹ̀, ihò kan wà lára ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ń gba lẹ́tà sí, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò a sì máa ju ìwé ìpolówó sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ a lẹ bébà kékeré mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ìwé ìpolówó. Kò sí ẹni tí ó pe onílé bẹ́ẹ̀ ní olè. Lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń dé. Bí ó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn, a rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, a sì san owó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwa náà ṣe. Ìwé ìròyìn tí à ń kà lójoojúmọ́, tí ó sì ń ṣe wá láǹfààní, ẹ jẹ́ kí á ra á, tàbí kí á san owó àsanlẹ̀ rẹ̀ bí agbára wa bá ká a. Ohun tí onílé kò jẹ oníṣòwò ni ojú ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun wo ráútà tí ó wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé òun. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tí ó wá gbé e kalẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti kó kúrò ní ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ìjọba kò ṣàì ṣe òfin. Òfin ọdún 2022 gbé ìṣàkóso ìpolówó lé àjọ ARCON lọ́wọ́. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ní kí ẹni tí yóò bá lo ìsọfúnni nípa ọmọdé gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Òfin rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà òfin jìn, ẹnu ọ̀nà sì wà nítòsí. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ráútà ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jọ pinnu ohun tí yóò wọlé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú-ìwé kan kọ́ni, kí ó kọ́kọ́ ṣí i wò ní òun nìkan, kí ó lè mọ àlejò tí yóò bá a wá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ. Ẹ fi ìpolówó hàn wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé: Ta ni ó san owó kí o lè rí èyí? Kí ni ó mọ̀ nípa rẹ? Kí ni ó fẹ́ kí o ṣe? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tí yóò máa gbé kiri, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí lábẹ́ òrùlé wa mọ́, tí kò sì ní sí ráútà wa níbẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, ẹ ti ilẹ̀kùn ní alẹ́ òní, nígbà tí ó bá sì di ọ̀la ní kíláàsì, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi tì í fún àwọn ọmọ.